Ìwé Tó Wà Lára Ògiri: Ìgbésí Ayé Bàbá Alágbo, Ẹ-Lọ-Yẹra-Wò (1944–2024)

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1944 ni a bí Bàbá wa, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì kan tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn. Òórùn oògùn apakòkòrò ń gba ojú fèrèsé iwájú wọ inú yàrá náà, òórùn ewé tútù sì ń gba ti ẹ̀yìn. Bàbá-bàbá wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fọ ìgò oògùn, kí wọ́n sì máa tò wọ́n sórí pẹpẹ láti gbẹ. Ìyá-bàbá wa ní tiwọn ń ta ewé, egbò àti èèpo igi lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan náà. Ìgò tí ilé ìwòsàn bá ti kọ̀ sílẹ̀, bàbá-bàbá wa a tọrọ rẹ̀, wọn a bọ́ ìwé ara rẹ̀ kúrò, ìyá-bàbá wa a sì rọ àgbo sínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí Bàbá wa ti jáyé ni oògùn òyìnbó àti oògùn ewé ti jọ ń lo ìgò kan náà nínú ilé wọn.

Ọmọ méjì péré ni àwọn òbí wọn bí. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, fi ọdún mẹ́jọ jù wọ́n lọ. Ẹ̀yìn Màmá Àgbà ni Bàbá wa gbé dàgbà, nígbà tí ìyá wọn bá ń gún egbò lọ́wọ́. Kí ẹ̀yin olùkà fi èyí sọ́kàn, nítorí ìfẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yìí ní sí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kó wàhálà wá nígbà tó yá.

Ní ọdún 1950 ni Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì parí ẹ̀kọ́ wọn ní 1960. Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ nínú kíláàsì, wọn kò sì fìgbà kan purọ́ fún wa pé àwọn ni. Ohun tí àwọn olùkọ́ ń yìn ni ọwọ́ ìkọ̀wé wọn, tó tẹ́jú, tó sì dúró ṣánṣán bí ebè tí a fi okùn wọ̀n. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń kọ orúkọ oògùn sára ìgò fún ìyá wọn. Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá bẹ ìyá-bàbá wa pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lọ ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì, èsì tí ó gbà ni pé: “Ọ̀gá, akọ̀wé pọ̀ bí iyanrìn. Ẹni tó lè kọ orúkọ egbò sára ìgò tí kò ní ṣì í fún ẹlòmíì, ẹ bá mi wá méjì irú ẹ̀.” Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ra ìgò oògùn ikọ́ kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, Bàbá wa ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní ìkòríta, ní òdìkejì ilé oníbàtà. Ilẹ̀kùn kan ni ó ní, àti pẹpẹ mẹ́ta. Ti apá òsì wà fún ibà àti ikọ́. Ti àárín wà fún inú rírun àti àìróorunsùn. Ti apá ọ̀tún wà fún àwọn ọkùnrin. Kò sí ọkùnrin tí ń kọjú sí apá ọ̀tún gbọnrangandan. Wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè oògùn ikọ́, wọ́n á wúkọ́ díẹ̀ kí ó lè jọ òtítọ́, wọ́n á yẹ ojú ọ̀nà wò, kí ojú wọn tó rọra yà sí ọ̀tún. Bàbá wa mọ̀ wọ́n dunjú. Wọ́n a máa bi ẹni tó bá wọlé léèrè pé, “Ikọ́ yẹn, ṣé òkè ló wà ni, àbí ìsàlẹ̀?” Lẹ́yìn tí ẹ̀rín bá ti tú ojú onítọ̀hún ká, ọ̀rọ̀ gidi a wá bẹ̀rẹ̀.

Oògùn tó gbé orúkọ wọn jáde ni èyí tí wọ́n fún ní orúkọ Gbéra-ńlẹ̀. Orógbó, ata ilẹ̀, kànáfùrù àti egbò mẹ́ta ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n sì ń gbé e kaná láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kọjá àtàrí. Ó ń mú ara yá, ó ń jẹ́ kí oúnjẹ wọlé lẹ́nu ẹni tí iṣẹ́ ti mú rẹ̀, ó sì ń fún àwọn ọkùnrin ní ìgboyà. Kò sí ìpolówó kankan lára ògiri nígbà náà. Bàbá wa fúnra wọn ni ìpolówó. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé pẹ̀lú àpò egbò, wọn kì í dúró de alábàárù. Èjìká kan ni wọ́n fi ń gbé àpò kọ̀ọ̀kan wọlé lójú gbogbo àdúgbò, wọ́n á sì fi ọwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ẹṣin. Àwọn tó ń wò wọ́n a ní, “Oògùn tó ń ṣe báyìí sára ẹni tó ń sè é, ẹ gbé ìgò méjì wá.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, obìnrin aránṣọ kan tó ń rán aṣọ iléèwé ní òpópónà kejì wá dá ìgò oògùn kan padà. Bàbá rẹ̀ ni ó ra oògùn náà fún. Kì í ṣe pé oògùn bàjẹ́. Ó ní ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò tó. “Ẹ kọ ‘ṣíbí kan.’ Ṣíbí wo? Ti tíì ni, àbí ti ọbẹ̀? Èmi tí mò ń rán aṣọ, bí mo bá sọ pé ‘ọwọ́ kan’ láìsọ ọwọ́ ta ni, ihòhò lọmọ máa lọ síléèwé.” Bàbá wa gba ìgò náà, wọ́n sì mú bíírò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kọ irú ṣíbí tí ènìyàn yóò lò sára gbogbo ìgò wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, aránṣọ náà di ìyàwó wọn. Òun ni Màmá wa.

Ibi tí a dé yìí, ẹlòmíràn ì bá fò ó. A kò ní fò ó, nítorí Bàbá wa ti sọ fún wa nígbà tí ara wọn ṣì le pé, “Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ ìtàn mi, tẹ́ ẹ bá yọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kúrò, irọ́ lẹ sin o, kì í ṣe èmi.”

Láti ọdún 1970 títí di 1979, Bàbá àti Màmá wa kò rí ọmọ bí. Lójú Bàbá wa, kò ṣòro láti mọ ibi tí ìṣòro wà. Àwọn tí wọ́n ń fi èjìká kan gbé àpò egbò, tí wọ́n ń mu Gbéra-ńlẹ̀ láràárọ̀, tí ara wọn le koko bí òkúta ọlọ, báwo ni àbùkù yóò ṣe wà lọ́dọ̀ wọn? Nítorí náà, Màmá wa ni wọ́n gbé oògùn kalẹ̀ fún. Oríṣi mọ́kànlélógójì ni wọ́n sè fún wọn láàárín ọdún wọ̀nyẹn, èyí tó korò, èyí tó ta, èyí tí a ń mu ní gbígbóná àti èyí tí a ń fi wẹ̀. Bàbá wa ní ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ oògùn àti oṣù tí Màmá wa lò ó sí. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tó dára yẹn: “Kò tíì.” Láti oṣù kìíní ọdún 1971 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ìgbà márùndínláàádọ́fà ni “Kò tíì” wà nínú ìwé náà. A ti kà á.

Màmá wa mu gbogbo rẹ̀. Wọ́n mu ún, wọ́n sì ń rán aṣọ iléèwé fún ọmọ ọlọ́mọ, ọgbọọgbọ̀n lọ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, Màmá Àgbà wá sí ilé pẹ̀lú àgbàlagbà méjì nínú ẹbí. Wọn kò pariwo. Màmá Àgbà di ọwọ́ Màmá wa mú, wọ́n ní, “Ìyàwó, a ò bá ẹ jà o. Inú ẹ dáa, ọwọ́ ẹ mọ́, aṣọ tó ò ń rán ò lábùkù. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kan ṣoṣo rèé. Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Mi ò fẹ́ kí ilé bàbá wa pa dé lójú mi.” Wọ́n dá ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́ oṣù náà. Ní ọjọ́ náà, kí Bàbá wa sọ gbólóhùn kan ṣoṣo níwájú ẹbí: ṣé kí ìyàwó wọn padà sílé òbí rẹ̀ kí wọ́n wá ẹlòmíràn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbá wa dákẹ́. Màmá wa sọ fún wa pé nínú ọdún mẹ́sàn-án náà, kò sí oògùn kankan tó korò tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ, Màmá wa kò sunkún. Wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, wọ́n mú ìwé méjì jáde lábẹ́ àwọn okùn àti bọ́tìnnì. Ìwé ilé ìwòsàn ni, ọ̀kan láti ọdún 1974, èkejì láti 1977. Màmá wa ti lọ yẹ ara wọn wò lẹ́ẹ̀mejì, àwọn nìkan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà ni dókítà kọ sínú méjèèjì: kò sí ohun tó ṣe obìnrin yìí, kí ọkọ rẹ̀ wá. Wọ́n kó ìwé méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé wọn sórí pẹpẹ apá ọ̀tún, láàárín ìgò Gbéra-ńlẹ̀, wọ́n sì sọ fún ọkọ wọn pé: “Mo ti mu tèmi tán. Ó ku tiyín.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá wa fi ń wo àwọn ìwé náà láìfọwọ́ kàn wọ́n. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn ní ojú ọ̀sán gangan fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí bàbá wọn ti fọ ìgò wọlé. Ọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò rí wọn, ẹnu yà á. “Alágbo! Ìwọ náà kẹ̀?” Bàbá wa ní àwọn náà ni. Ọkùnrin yìí dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọdún méjì tí òun ti ń mu Gbéra-ńlẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ. “Bó bá jẹ́ pé ìwọ tó ò ń sè é lo wá síbí, àwa tá à ń mu ún ńkọ́?” Bàbá wa fèsì pé, “Kọ nọ́ńbà àyẹ̀wò tèmi. Tó o bá kọ ọ́ tán, kọ tìẹ náà tẹ̀ lé e.”

Àbájáde jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún Bàbá wa pé iṣan kan ti wú sí ibi tí kò yẹ, ó ń mú ibẹ̀ gbóná, irúgbìn ọkùnrin tí ń jáde kò pọ̀, àwọn tó sì jáde kò lágbára láti rìn. Bàbá wa bèèrè bóyá dókítà mọ bí àpò tí àwọn ń gbé ṣe wúwo tó. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yìn yín ló ń gbé àpò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn kọ́ ló ń bímọ.” Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá wa ń tún sọ títí di ọjọ́ alẹ́ wọn. Agbára wọn pé pérépéré. Irúgbìn ni kò pé. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn sì ti fi ọdún mẹ́sàn-án pè é ní ọ̀kan.

Nígbà tí ẹbí jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Màmá wa ti di ẹrù wọn sínú àpótí kan, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá wa kò sọ gbólóhùn kan tí wọ́n ń retí. Wọ́n yọ ìwé jáde, wọ́n sì kà á sókè láti òkè délẹ̀, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ká ìwé yẹn. Ká a padà kíá. Ṣé o ò mọ iṣẹ́ tó ò ń ṣe ni? Bí èyí bá jáde, ta ló máa ra oògùn ọkùnrin lọ́wọ́ ẹ mọ́?” Bàbá wa wo àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ẹ fẹ́ kí ìyàwó mi ru àpótí yẹn kọjá lójú gbogbo àdúgbò. Ẹ ò sọ pé kó fi ìyẹn pa mọ́. Ìwé pélébé tèmi yìí ló wá wúwo jù?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àpótí náà fúnra wọn, pẹ̀lú èjìká kan bí ìṣe wọn, wọ́n sì gbé e padà sínú yàrá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n fi dígí bo ìwé àyẹ̀wò náà, wọ́n sì kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù lókè pẹpẹ apá ọ̀tún, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń wúkọ́ irọ́ yóò ti rí i. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ pé: “Ọ̀dọ̀ mi ni àbùkù wà. Kì í ṣe ìyàwó mi. Ẹ lọ yẹ ara yín wò kí ẹ tó rà.”

Ẹ má ṣe rò pé ọjà tà ní ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn ọkùnrin wọlé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n kà á, wọ́n rántí pé àwọn gbàgbé nǹkan sílé. Oníbàtà òdìkejì dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ké sí àwọn tó ń kọjá pé, “Ẹ wá wo onígbàjámọ̀ tí irun bò lójú!” Oṣù márùn-ún ni eruku fi wà lórí ìgò Gbéra-ńlẹ̀. Aṣọ iléèwé tí Màmá wa ń rán ló ń bọ́ ilé. Màmá Àgbà wá lọ́jọ́ kan, wọ́n rọra bẹ àbúrò wọn pé kí ó yọ ìwé náà. Bàbá wa ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wo ti ìyàwó mi láìsí dígí.”

Ẹni tó kọ́kọ́ ka ìwé náà tí kò sá ni awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ìyàwó kan ti kúrò nílé rẹ̀ nítorí àìbímọ, èkejì sì ti ń di ẹrù. Ó kà á tán, ó jókòó sórí àpò egbò, ó sì bèèrè ohun kan ṣoṣo: “Àyẹ̀wò yẹn, ṣé ó máa ń dunni?” Bàbá wa dá a lóhùn pé, “Ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń dunni. Bó o bá ti wọlé, ó ti tán.” Awakọ̀ náà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn lọ. Kí ọdún tó yí po, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ti mọ àwọn ọkùnrin tó ń ti ọ̀dọ̀ Bàbá wa wá, bí wọ́n bá ti rí i tí ojú ń ti ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní, “Ará ilé Ẹ-Lọ-Yẹra-Wò, ó kàn yín.” Orúkọ náà sì mọ́ Bàbá wa lórí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1980, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan fún Bàbá wa. Ìwé búlúù náà ń bá iṣẹ́ lọ: láti oṣù kẹwàá ọdún 1979, “Kò tíì” tún wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìndínlógún sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú ìwé wọ̀nyẹn yóò rí i pé orúkọ àwọn méjèèjì ló wà níwájú rẹ̀ báyìí. Ní oṣù kejì ọdún 1981, ọ̀rọ̀ méjì mìíràn ni wọ́n kọ, ọwọ́ ìkọ̀wé náà kò sì dúró ṣánṣán mọ́: “Ó dé.” Ọmọ wọn obìnrin jáde sáyé ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ọmọ wọn ọkùnrin tẹ̀ lé e ní ọdún 1985. Àwọn ènìyàn kò yéé bi Bàbá wa bóyá ọ̀bẹ dókítà ni, bóyá ewé ni, bóyá àdúrà ni. Èsì wọn kì í yí padà: “Gbogbo wọn ló ti dé ibi iṣẹ́ tipẹ́. Èmi nìkan ni mo pẹ́ dé.”

Bí Bàbá wa ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn láti ìgbà náà ni a fẹ́ kí ayé mọ̀. Wọn kì í ta oògùn ọmọ fún ọkùnrin tó bá dá wá. Tọkọtaya ni kí ó wá pọ̀, tàwọn ti ìwé àyẹ̀wò. Wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé Gbéra-ńlẹ̀ ń bí ọmọ. Wọ́n ní ó ń gbé ara nílẹ̀ ni, bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Wọn kì í ní kí ènìyàn fi oògùn dókítà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ní ohunkóhun tó gbóná. Bàbá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wá lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ èyí tó le jù nínú ilé, nítorí ìyàwó tuntun. Bàbá wa gbọ́ mímí rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, wọ́n fún un ní omi ata ilẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa rìn yí òpópónà ká láàárọ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ dìde ná. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.” Ó bínú lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá dúpẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 1998, tí wọ́n jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ewé àti egbò, Bàbá wa rí ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀ ìgò ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́. Ọkùnrin náà ń lọ oògùn ilé ìwòsàn mọ́ àgbo kí ó lè tètè ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ìgò náà sójú ìmọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ìpàdé, wọ́n ní, “Ewé wo ló ń rọ yìnyín?” Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tó lè ta ìgò láìkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a sè é sára rẹ̀. Ìwọ̀n ṣíbí náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Màmá wa ló yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún èyí.

Nínú ìjọ, Bàbá wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fún àwọn ènìyàn ní àyè ìjókòó, láti ọdún 1983 títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀. Wọ́n fẹ́ràn orin, orin kò fẹ́ràn wọn. Bí ọkùnrin kan bá sì fẹ́ fi ìkíni ọjọ́ ìsinmi bojú láti sọ ọ̀rọ̀ apá ọ̀tún sí wọn létí, wọ́n á fọwọ́ bà á léjìká, wọ́n á ní, “Ọlọ́run ti gbọ́ ọ. Èmi, ó di ọ̀la láago mẹ́jọ.”

Ní ọdún 2019, Bàbá wa kíyè sí i pé ìtọ̀ kì í tètè jáde fún wọn mọ́. Wọn kò sè nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n mú Màmá wa dání, ó di ilé ìwòsàn. Àìsàn tí ń bá àwọn àgbà ọkùnrin jà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré, a sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí dókítà yìn wọ́n pé wọ́n tètè wá, wọ́n ní, “Mo ti ṣe kíláàsì yìí rí. Mi ò fẹ́ tún un ṣe.” Ọdún márùn-ún sí i ni a fi gbádùn wọn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu tíì wọn tí wọ́n sì ti bá Màmá wa jà lórí ìwọ̀n ṣúgà inú rẹ̀, Bàbá wa sùn lọ lórí àga wọn lójú fèrèsé, pẹ̀lú ewé tí wọ́n ń ṣà lórí itan. Ọmọ ọgọ́rin ọdún ni wọ́n.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ nìyí: ìyàwó wọn ọ̀wọ́n, Màmá wa, aránṣọ; ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ apòògùn, àti ọkọ rẹ̀; ọmọ wọn ọkùnrin, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìkòríta báyìí, àti ìyàwó rẹ̀; àti ọmọ-ọmọ márùn-ún, tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣíbí tíì àti ti ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Àgbà, wà láyé pẹ̀lú ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ilé Màmá wa ni wọ́n ń gbé láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nínú yàrá tí àpótí ọjọ́sí ti wà, aṣọ tí wọ́n wọ̀ lónìí, Màmá wa ló rán an. Oníbàtà òdìkejì ti lọ síwájú Bàbá wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà ti lọ yẹ ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ rẹ̀, wà lára àwọn tí yóò gbé pósí.

Nígbà tí a ń palẹ̀ ìsìnkú mọ́, ọ̀rọ̀ ìwé tó wà lára ògiri dìde láàárín wa. Ẹnìkan ní kí a yọ ọ́, pé ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún márùndínláàádọ́ta, kí Bàbá lè sinmi láìsí pé àlejò ń ka àbùkù wọn. Ẹlòmíràn ní kí a gbé e sínú pósí kí ó bá wọn lọ. Màmá Àgbà pàápàá dá sí i: wọ́n ní bí a bá yọ ọ́, kí a gbé e fún àwọn, pé àwọn ni ó yẹ kí ó máa wò. Gbogbo wa wá yíjú sí Màmá wa, nítorí àwọn ni wọ́n ní i. Màmá wa ń ran etí aṣọ kan lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ṣì wà lójú ọ̀nà.”

Nítorí náà, ó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yóò ṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, láago mẹ́jọ.

Ẹ sùn ire, Bàbá Ẹ-Lọ-Yẹra-Wò, ọkọ aránṣọ, ẹni tó gbé àpótí ìyàwó rẹ̀ padà sínú yàrá. Kí ilẹ̀ tó gbà yín rọ̀ bí ewé àárọ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń dunni. Ẹ ti wọlé.